Àwòrán tí A Kò Gbọdọ̀ Dorí Rẹ̀ Kodò

Mo ti rí ọ̀gá tí ń gbéraga nítorí mọ́tò, mo sì ti rí èyí tí ń gbéraga nítorí ìwé tó kà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ń gbéraga nítorí ẹyẹ, ẹyẹ tí kì í ṣe òun ló yé ẹyin wọn, tí kì í ṣe òun ló ń bọ́ wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi. Jethro Olúbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Òkè-Irà, ìlú kékeré kan lọ́nà Odò-Apẹ́, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ọdún 1954. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bí mi nínú fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí Jethro tó di ọ̀gá, ilé tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí ló ń ṣọ́. Ìwé kan wá dé láti Kàdúná pé kí wọ́n wá ẹnì kan tí yóò máa ka àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń rìn nínú omi irà Òkè-Irà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: lékeléke, àkọ̀, agùfọn àti àwọn ìyókù wọn. Àwọn akọ̀wé tó kù ní ẹ̀fọn yóò jẹ àwọn. Jethro gbà á. Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó jọ “ọ̀gá” nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti sọ ara rẹ̀ di Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ẹyẹ Omi, Irà àti Àyíká Rẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó, pátákó sì gùn ju ọ́fíìsì lọ, tó fi jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò máa ń sá oòrùn sábẹ́ “Àyíká Rẹ̀”.

Akọ̀wé kan ló ní, Bámigbóyè, ọkùnrin tí kò tíì sọ “rárá” rí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ó tún ní dógaárì méjì, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ wọn kò yé àwọn fúnra wọn. Ẹ̀yin mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí a bá pàdé, “okun” la ń kí ara wa, ó sì tó ọba, ó tó ìjòyè. Kò tó Jethro. Ó pàṣẹ pé okun mẹ́ta lòun yóò máa gbà: ọ̀kan fún ara òun, ọ̀kan fún ipò òun, ọ̀kan fún àwọn ẹyẹ, nítorí wọn kò lè dáhùn fúnra wọn. Bámigbóyè a kí i lẹ́ẹ̀mẹta, a fi “Ránkàdédè”, ìkíni tí àwọn Haúsá fi ń kí ọba, dé e lórí, a sì dúró kí ọ̀gá sọ fún un ohun tí òun Bámigbóyè ń rò lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ọmọdé máa ń ju èékánná sókè bí lékeléke bá ń kọjá, kí ẹyẹ lè fún wọn ní funfun. Jethro fi òfin dè é. Ó ní ohun ìjọba ni funfun ara ẹyẹ ìjọba, ẹni tó bá fẹ́ nínú rẹ̀, kó kọ̀wé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ìròyìn fi dé pé Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, ará Ìsánlú, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ igbó, ń bọ̀ wá yẹ irà náà wò. Bí àgbà náà bá fọwọ́ sí ìwé, gbogbo irà yóò di ti ọ́fíìsì títí láé, Jethro yóò sì di ọ̀gá ńlá ní tòótọ́. Jethro ronú pé kíka ẹyẹ lásán kò tó. Ó ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, kí wọ́n lọ pe onífótò wá láti Kàbà.

Gbádéyan ni onífótò náà, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí oògùn tí wọ́n fi ń fọ àwòrán ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Ó gbé kámẹ́rà onígi rẹ̀ ka ẹsẹ̀ mẹ́ta létí irà, ó da aṣọ dúdú bò ó. Jethro dúró gbọnin pẹ̀lú akoto òyìnbó funfun lórí, àyà síwájú, wọ́n sì ya òun nìkan ná. Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó fẹ́ mọ ohun tí onífótò ń wò lábẹ́ aṣọ. Ó ní kí Bámigbóyè dúró sí àyè òun, ó sì ti orí bọ abẹ́ aṣọ. Ohun tó rí ni Bámigbóyè tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, tí òun àti igi àti ilẹ̀ sì so rọ̀ bí àdán. Jethro rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì, ẹ̀rín tán. Ó yọ orí jáde.

“Gbádéyan, nígbà tí mo dúró níbẹ̀, báwo lo ṣe rí èmi?”

“Bákan náà ni, ọ̀gá. Bí díńgí kámẹ́rà ṣe ń mú un nìyẹn. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, a ó yí i padà.”

Ẹnu ya Jethro débi tí kò lè pa á dé. Níbi tí wọ́n bí i sí, ta ní jẹ́ dorí ère ènìyàn kodò bí kò ṣe ọ̀tá rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìṣubú ènìyàn ni wọ́n fi ń wá bẹ́ẹ̀? Ó jókòó lójú ẹsẹ̀, ó sì pe òfin fún Bámigbóyè kọ: Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ onífótò, ìbáà jẹ́ dógaárì, kò gbọdọ̀ dorí àwòrán Ọ̀gá Àgbà kodò, yálà lójúmọmọ tàbí nínú òkùnkùn, yálà fún iṣẹ́ tàbí fún eré. Ibi gbogbo tí wọ́n bá gbé e sí, ojú Ọ̀gá ni kó kọ sí. Bámigbóyè kọ ọ́, ó gbóríyìn fún un, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Òfin yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ó wá ku kí wọ́n ya ọ̀gá pẹ̀lú àwọn ẹyẹ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ síbẹ̀, ẹyẹ kan kò sì bà. Orí igi àràbà tó wà lódìkejì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń wo akoto funfun. Lọ́jọ́ kẹta Jethro bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀yin ẹyẹ irà yìí,” ó ní, “ẹ̀yin tí ìjọba fi lé mi lọ́wọ́ láìka òtútù ọyẹ́ sí, mo kí yín lórúkọ ara mi, mo sì dá ara mi lóhùn lórúkọ yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba.”

Àkọ̀ kan ṣu láti orí àràbà, ó sì fò lọ. Bámigbóyè ní àmì ọ̀wọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹrin, Gbádéyan dá nìkan jí, ó lọ. Ibẹ̀ ló ti rí Rebecca. Opó ni Rebecca, ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Àkùrọ̀ kékeré kan létí irà náà ni gbogbo ohun tó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: tẹ̀tẹ̀, ikàn àti ata. Ó dúró sínú omi tó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó pọn Rhoda, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà omi tí ẹrẹ̀ ti dí. Àwọn ẹyẹ tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bó bá ti hú ẹrẹ̀, lékeléke a ṣa kòkòrò. Agùfọn méjì ń bọ̀ lẹ́yìn bí àwọn àna tí wọ́n pè síbi oúnjẹ. Omi náà dákẹ́, ó mọ́, gbogbo wọn sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Gbádéyan sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé òun kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbé àwòrán náà dé ọ́fíìsì. Jethro yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹyẹ dára, àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin yìí. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi òun sí i.

Ó ṣeé ṣe, àwọn onífótò mọ̀ ọ́n. Gbádéyan fi abẹ fẹ́lẹ́ gé Jethro kúrò nínú àwòrán ti ọjọ́ kìíní, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo Rebecca mọ́lẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun etí rẹ̀ kí ojú àlẹ̀mọ́ má bàa hàn. Ìgbà náà ni àtúnṣe wá bẹ̀rẹ̀. Jethro ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ òun, ó tẹ̀. Wọ́n nà án. Ó ní kí wọ́n fẹ àyà òun. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí bọ́tìnnì fi fẹ́ já nínú àwòrán. Ó ní lékeléke mẹ́fà kéré sí ipò òun, kí wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́ta. Gbádéyan fọ ẹyọ kan ní ẹ̀dà púpọ̀, ó gé wọn, ó lẹ̀ wọ́n káàkiri, ọgọ́ta lékeléke sì gbé ẹsẹ̀ òsì kan náà sókè bí àwọn sójà. Ó ní kí agùfọn méjèèjì foríbalẹ̀. Wọ́n tẹ ọrùn wọn ba. Bí gbogbo èyí ti ń lọ, Bámigbóyè jókòó ti onífótò, ó ń ṣọ́ ọ kó má lọ dorí ọ̀gá kodò.

Gbádéyan sinmi búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ọ̀gá, iṣẹ́ kù lára omi. Òjìji ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yí àwòrán náà padà sódì kí n lè rí i tún ṣe.”

“Sódì kẹ̀? Ìwọ kò ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn?”

“Mo kà á, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n omi náà—”

“Ta ní ń wo omi nígbà tí mo bá dúró? Fi omi sílẹ̀. Omi kì í jẹ́rìí.”

Bámigbóyè ní òótọ́ ni, láti kékeré lòun ti mọ̀ pé omi kì í jẹ́rìí. Gbádéyan wò wọ́n, ó tún gbogbo àkópọ̀ náà yà kó lè di ẹyọ kan, ó sì fọ̀ ọ́.

Inú Jethro ì bá dùn jálẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ń dùn ún. Kí ló ń ṣe láàárín ẹyẹ òun? Ó pàṣẹ pé gbogbo àkùrọ̀ etí irà, wọ́n ti tì í pa, nítorí ariwo ọkọ́ ń da ọkàn àwọn ẹyẹ láàmú. Dógaárì méjèèjì wá rí iṣẹ́ ṣe: wọ́n ta okùn yí àkùrọ̀ ká. Rebecca wá sí ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó kí okun mẹ́ta pé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé ata òun ń tanná lọ́wọ́, bí kò bá mu omi láìpẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí ọ̀gá jẹ́ kí òun máa bu omi lásán, òun kò ní gbé ọkọ́ wọbẹ̀. Jethro ní kó lọ gbin ata sí ibi tí ẹyẹ kò sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni opó yẹn fi ń dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, tí ó ń wo tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rọ, tí ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ pín iṣu ìyá ọkọ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ẹyẹ ńkọ́? Bí wọ́n ti gbé ọkọ́ kúrò nínú ẹrẹ̀ ni oúnjẹ tán. Agùfọn kọ́kọ́ lọ, àkọ̀ tẹ̀ lé e, lékeléke sì kó lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan Bámigbóyè a lọ kà wọ́n, a rí òdo, a sì kọ irínwó, kí òdo má bàa dójú ti ọ̀gá.

Alàgbà Ọlánípẹ̀kun dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ gíláàsì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Gbogbo èèyàn pé sójú fèrèsé, Rebecca náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Rhoda lẹ́yìn. Jethro jókòó sí apá kan, àlejò jókòó sí èkejì, ìwé tí yóò gba irà títí láé sì wà láàárín wọn, ó ń retí ọwọ́. Jethro wá sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ní kí òun tó dé, ẹyẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó ní báyìí, ohùn òun nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn. Ó gbé àwòrán náà kalẹ̀ bí òfin ṣe wí, pẹ̀lú ojú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀.

Ẹ ti rí i bí, ẹ̀yin èèyàn mi? Ẹni tó jókòó lódìkejì tábìlì, báwo ni yóò ṣe rí i?

Alàgbà Ọlánípẹ̀kun tẹ̀ síwájú. Ó nu gíláàsì rẹ̀. Ó tún wò ó.

“Ó dára púpọ̀,” ó ní. “Ta ni obìnrin yìí?”

Jethro ní kò sí obìnrin níbẹ̀.

“Obìnrin wà níbẹ̀. Ó mú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó pọn ọmọ.”

Jethro ní kí Bámigbóyè yí àwòrán náà wá kí òun wò ó. Bámigbóyè nawọ́, ó rántí ilẹ̀kùn, ó fà á sẹ́yìn. Ó ní kí ọ̀gá má bínú, òfin ọ̀gá kò gbà á. Jethro fẹ́ yí i fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, ẹ̀rù ìṣubú bà á. Kí ló kù? Ó dìde, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó dorí ara rẹ̀ kodò títí akoto fi ṣubú tó yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ dógaárì, ó sì wo àwòrán láti abẹ́ apá ara rẹ̀. Níbẹ̀, nínú omi, Rebecca dúró kedere, Rhoda lẹ́yìn rẹ̀, lékeléke mẹ́fà tí ẹnì kankan kò tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Òjìji mi ni,” ni Jethro wí láti ìsàlẹ̀.

“Òjìji yín pọn ọmọ?”

Bámigbóyè dá sí i, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. “Ẹrù ìjọba nìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yìn ni ọ̀gá máa ń pọ̀n ọ́n sí.”

Ẹ̀rín bẹ́ lójú fèrèsé, kò sì tíì tán nígbà tí Rhoda, ẹrù ìjọba fúnra rẹ̀, figbe bọnu lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Alàgbà Ọlánípẹ̀kun gbójú sókè, ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwòrán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi onífótò léèrè, Gbádéyan sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́. Àgbà náà ká ìwé sínú àpò láìfọwọ́ sí i. Ó ní ohun tó kù kò ṣòro: nígbà tí ìròyìn ti sọ pé ohùn ọ̀gá ni ẹyẹ ń gbọ́, kí gbogbo àwọn lọ sétí irà, kí ọ̀gá pè wọ́n.

Jethro lọ. Ẹni tó bá ti fi irọ́ ṣe ẹṣin gùn kì í mọ ibi tí yóò ti sọ̀. Ó dúró létí omi, ó pe ẹyẹ ní Yorùbá, ó pè wọ́n ní Haúsá, ó fi èébù òyìnbó díẹ̀ kún un. Kò sí èyí tó dáhùn. Ó ní wọn kò gbọ́ ni, ó wọ inú irà sí i. Ẹrẹ̀ gbà á dé orúnkún, ó gbà á dé itan, ó sì dúró síbẹ̀ bí èèkàn tí wọ́n gbàgbé. Dógaárì méjèèjì wo bàtà wọn, wọ́n wo ẹrẹ̀, wọn kò mira.

Alàgbà Ọlánípẹ̀kun yíjú sí Rebecca. “Okun o, Ìyé Rhoda.”

“Okun, Bàbá.”

“Àkùrọ̀ yìí, tìẹ ni?”

“Tèmi ni, Bàbá. Ó ti di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí n kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.”

“Lọ tẹ̀ ẹ́.”

Rebecca kò dúró gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká ìró sókè, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ tó ti ń dógùn-ún, ó wọnú omi. Ó hú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó hú u lẹ́ẹ̀kejì. Ó tó bí ẹni pé kò ní sí nǹkan kan. Nígbà náà ni lékeléke kan já bọ́ láti òkè ọ̀nà oko. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó di pé a mí, funfun ti gba etí omi, àwọn ọmọdé sì ju gbogbo èékánná wọn sókè pẹ̀lú igbe ayọ̀ láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

“Kòkòrò ni wọ́n ń bá wá,” ni Rebecca wí, tí kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Bí mo bá la ilẹ̀, èmi jẹ, àwọn náà jẹ. Bí ẹ bá lé mi, ẹ ti lé wọn.”

Òun náà ló na ẹ̀rú ọkọ́ sí Jethro tó sì fà á jáde, nítorí pé ó há sí ojú ọ̀nà omi rẹ̀. Bàtà ọ̀gá méjèèjì ṣì wà nínú irà náà di òní.

Nǹkan bí ìdajì ata rẹ̀ ló yè. Tẹ̀tẹ̀ hù padà, tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́. Wọ́n dá Jethro padà sí ilé ṣọ́bìrì, ó sì wá di ẹni tí ń kí ènìyàn ní okun kan ṣoṣo, tí ń dáhùn okun kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó ṣe é. Kíka ẹyẹ bọ́ sọ́wọ́ Rebecca. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń kà wọ́n sínú igbá, nígbà tó bá sì rí òdo, òdo ló ń rán sí Kàdúná.

Gbádéyan fún un ní àwòrán náà. Ó ní kí òun kọ́kọ́ tún un ṣe, kí òun yọ ọ̀gá kúrò. Rebecca ní kó má yọ ọ́, kò dí òun lọ́wọ́. Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri. Bí ẹ bá dé Òkè-Irà, ẹ yà kí i, ẹ ó rí i níbẹ̀: obìnrin kan dúró nínú omi tó mọ́, ó pọn ọmọ, ẹyẹ yí i ká, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni ọkùnrin alákoto kan so rọ̀ pẹ̀lú ọgọ́ta lékeléke. Àlejò a ní, “Ìyé Rhoda, ẹ ti dorí àwòrán yìí kodò.” Rebecca a wò ó, a sì ní rárá, bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn.